Ohùn Àgbà Nínú Ẹ̀rọ Àgbà: Lámèyítọ́ Ampli Àtijọ́ Kan ní Datcha

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹgbẹ́ wa pé jọ ní Datcha fún ọdún iṣu, èyí tí àwa Ifẹ̀ agbègbè Atakpamé ń pè ní Odon-Tsu, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí a fi ẹ̀rín gbà, tí kò sì yẹ ní ohun tí a ń fi ẹ̀rín gbà. Òjò ti rọ̀ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. A pe ìyá àgbà kan jáde, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí ó ṣì mọ orin ìkíni iṣu tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó wá kọ ọ́ sí míkírò kí gbogbo àwùjọ lè gbọ́. Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó gba míkírò, ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Kò tíì pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó fi jù ú nù bí ẹni tí agbọ́n ta ní ètè. Ó ní, «Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan yín yìí ń buni jẹ.» Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láàárín wa sọ ọ́ ní èdè Faransé pé ẹ̀rù ohun ìgbàlódé ló ń ba àwọn àgbà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá padà sí ìjókòó rẹ̀, kò sì kọrin mọ́ ní ọjọ́ náà. Orin inú fóònù ni a fi dípò tirẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a lò ní ọjọ́ náà jẹ́ ampli àtijọ́ ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970: ara irin dúdú, bọ́tìnì ńlá méjì níwájú, ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan kò lè dá a gbé kó máà mí hẹlẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó wà lókè òkun ló fi í ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí ó dé, a yọ̀ bí ẹni gbé ìyàwó tuntun. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó ń sọ pé ohùn rẹ̀ «gbóná», pé ó «lára», pé kò dà bí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń jáde nínú àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú tí a ń rí lọ́jà. Mo wà lára àwọn tí ó yìn ín jù lọ. Lónìí, mo fẹ́ tún ìyìn mi yẹ̀ wò.

A máa ń ṣe lámèyítọ́ ìwé, a ń ṣe ti eré orí ìtàgé, a ń ṣe ti àwo orin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ohùn olórin ń gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó dé etí wa, a kì í kà á sí ohun tí ó yẹ fún ìdájọ́. A rò pé ó kàn dà bí ọ̀nà omi ni: ohun tí ó bá wọlé ni yóò jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ampli ní ohùn tirẹ̀, ó ní àbùkù tirẹ̀, ó sì ní ewu tirẹ̀. Èyí tí ó sì ti dàgbà, tí ọwọ́ oríṣiríṣi ti bà, kì í ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe é nìkan mọ́. Iṣẹ́ ẹni tí ó tún un ṣe kẹ́yìn ni. Bí a bá ń yin ère, a kì í yin igi ká gbàgbé agbẹ́gilére. Ẹni tí ó tún ampli àtijọ́ ṣe ni ó yẹ kí a bi léèrè ohùn rẹ̀, òun náà ni ó yẹ kí a bi léèrè ẹ̀mí àwọn tí ó fọwọ́ kàn án.

Kí a tó dá ampli lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí oore tí ó ṣe orin wa. Nígbà tí Túndé King ń ṣe jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ olórin kò ju ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin lọ: okùn títa, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní jùjú. Bí ìlù bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bo gìtá àti ohùn olórin mọ́lẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1940 ni ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga wọ inú orin náà, àsìkò yẹn gan-an sì ni gángan wọlé. Christopher Waterman, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí jùjú jáde ní 1990, so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: nítorí pé gìtá àti ohùn ti lè ga, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù láti pọ̀ sí i. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. A sábà máa ń sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó ló lé ìlù wa jáde. Nínú jùjú, ẹ̀rọ náà ló ṣílẹ̀kùn fún un. Láìsí i, King Sunny Adé kì bá lè to gìtá bẹẹrẹ àti gángan sórí ìtàgé kan náà kí a sì máa gbọ́ ohun tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbòmíràn tí ọmọ Áfíríkà wà. Ní Jamaica, Hedley Jones, ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, padà sílé, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ampli onílampe fún àwọn tí ń gbé orin káàkiri àdúgbò. Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣà sound system ti gbèrú. Ampli tí atúnrédíòṣe kàn lọ́wọ́ ni baba orin tí gbogbo ayé ń jó sí lónìí.

Lẹ́yìn èyí ni eré agbára bẹ̀rẹ̀. Ní 1967, ilé-iṣẹ́ Crown ní Amẹ́ríkà gbé DC-300 jáde, ampli onítransistor tí ń fún àpótí ohùn kọ̀ọ̀kan ní watt 150. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ní Woodstock, Bill Hanley fi ampli McIntosh MC3500 gbé ohùn dé etí ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn lórí pápá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ watt 350, lampe ni wọ́n sì fi ṣe é. Láìpẹ́ sí i, Bob Carver ti ilé-iṣẹ́ Phase Linear ṣe ampli 700, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní watt 350, ó sì tà á fún ẹni tí yóò gbé e sínú yàrá ilé rẹ̀. Ampli náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláwàdà fi yí orúkọ rẹ̀ po, wọ́n ń pè é ní «Flame Linear», nítorí bí ó ṣe máa ń gbiná. Àwàdà yẹn sọ òtítọ́ kan nípa gbogbo ìgbà náà: agbára ti ṣáájú ààbò. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn lè fọhùn ju bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn lọ. Irú wọn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa báyìí lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, nínú àpótí ẹrù, pẹ̀lú ogbó lórí agbára.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ọdún iṣu náà, àwa mẹ́ta gbé ampli wa lọ bá àgbà atúnrédíòṣe kan ní Atakpamé. Kì í ṣe nítorí ìyá tí ó sọ pé nǹkan wa ń buni jẹ ni a fi lọ. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí ilé oyin, ìkùn náà sì ti ń dí wa lọ́wọ́. Ìkùn yẹn ni a ní kí ó bá wa mú kúrò.

Ohun tí bàbá náà kọ́kọ́ ṣe ni pé kò ṣe nǹkan kan. Ó béèrè ìgbà tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná. A ní ọjọ́ mẹ́fà. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kejì gbé abẹ́rẹ́ multimètre lé orí condensateur ńlá méjì tí ó wà níbẹ̀. «Ohun tí a kò wọ̀n,» ó ní, «a kò mọ̀ ọ́n.» Condensateur ni agbada tí ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ampli. Nínú àwọn ampli ńlá, agbada náà fẹ̀, iná tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára ògiri. Nínú ti onítransistor, ó lè tó volt 75 tàbí 100 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ti onílampe, ó lè kọjá volt 400 dáadáa. Àwọn kan máa ń fi irin bíi tọ́náfísì so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí ó lè tú iná náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbúgbàù. Bàbá ní ìwà òmùgọ̀ ni. Résistance tí ó nípọn ni a fi ń tú u díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà a óò tún un wọ̀n.

Nígbà tí ó tú ẹ̀rọ náà dé ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tò ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, bí ẹni tí ń ka ìwé ẹ̀sùn.

Àkọ́kọ́, ihò tí wáyà iná gbà wọlé kò ní rọ́bà mọ́. Etí irin ti ń há wáyà náà láti ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ ti bó, ibi tí ó bó sì ti jóná díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni iná ti ń jò sára àpótí irin, láti ara àpótí irin sára wáyà míkírò, láti ara míkírò sí ètè ìyá tí ó dúró láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tútù. Bí wáyà náà bá ti bó tán pátápátá ni, kì í ṣe ẹ̀rín ni à bá rín ní ọjọ́ náà.

Ìkejì, orí wáyà náà ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta rí. Ẹnì kan gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò kí ó lè wọ prise ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ni ọ̀nà ilẹ̀, èyí tí à ń pè ní prise de terre. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó iná tí ó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kí ó tó rí ara ènìyàn gbà. Ìkẹta, fusible ti jó rí, wọ́n sì ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e. Fusible ni aṣọ́bodè. Ẹni tí ó bá wé e ní bébà fàdákà ti pa aṣọ́bodè, ó sì gbé òkú rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ojú má baà tì í.

Ìkẹrin, àwọn condensateur ti wú. Omi inú wọn ti gbẹ, wọn kò lè di iná mú mọ́. Ibẹ̀ ni ìkùn ti ń wá. Ìkarùn-ún, méjì nínú àwọn transistor ńlá kò jọ àwọn yòókù: ayédèrú ni wọ́n, orúkọ tòótọ́ lórí ara èké. Ìkẹfà ni ó burú jù fún àpótí ohùn: relais tí ó yẹ kí ó gé ọ̀nà nígbà tí ampli bá bàjẹ́ ni wọ́n ti fi wáyà fò kọjá. Láìsí relais, bí transistor kan bá kú, gbogbo iná inú ampli yóò dà sínú baffle, ẹnu rẹ̀ yóò gbóná, ó sì lè gbiná níwájú àwùjọ.

Nígbà tí ó kà á tán, ó wò wá. Ó ní, «Ẹ ní ìkùn ni ẹ gbé wá. Ṣé kò sí ẹni tí ó buni jẹ rí?» Ojú tì mí débi pé n kò lè dáhùn. Ìyá tí a fi ṣẹ̀sín ni ó ti kọ́kọ́ sọ àbùkù ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó péye ju gbogbo ìyìn tí mo ti fi fún «ohùn gbígbóná» rẹ̀ lọ.

Níbi yìí ni ẹ̀kọ́ lámèyítọ́ wà. Olùkọ́ èdè ni mí, mo sì máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ohùn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ wa: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀; lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ mẹ́rin. Ẹ wá wo ohun tí ìkùn ampli ń ṣe sí i. Iná tí CEET ń gbé wá sílé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ampli bá yí i padà fún ìlò ara rẹ̀, tí condensateur kò sì lè mú un dọ́gba, ohun tí ó máa ń ṣẹ́kù ni ìkùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 100. Ní àdúgbò 100 yẹn gan-an ni ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin máa ń wà nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlù ńlá wa. Ìkùn náà kò sọ ọkọ̀ di ọkọ́. Ó kàn jókòó lé ohùn ìsàlẹ̀ lórí, kí etí máa wá a káàkiri. Ohun tí mo ti ń pè ní «ara» nínú ohùn ampli wa, apá kan rẹ̀ kì í ṣe ara. Àìsàn ni.

Àṣìṣe kejì ni ti agbára. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ampli watt 200 ń pariwo ní ìlọ́po méjì ti watt 100. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po méjì agbára kò fi ju decibel 3 lọ kún un, ìyàtọ̀ tí etí kàn ń fura sí. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yí bọ́tìnì kọjá ibi tí ampli lè gbé kò rí ohùn kún ohùn. Orí ìgbì ohùn ni yóò gé pẹrẹsẹ bí orí igi tí a fi àdá bẹ́. Ohùn á di gbarara, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ra wọn, àwọn ẹnu kékeré inú baffle tí ń mú ohùn òkè jáde á sì jóná. Bí ampli ńlá bá ní àǹfààní kan, òun ni èyí: kì í ṣe kí a lè pariwo, ṣùgbọ́n kí a lè dúró nísàlẹ̀ òpin agbára rẹ̀ kí ohùn lè mí. Ẹni tí ó ra ẹṣin alágbára tí ó wá ń nà án títí yóò fi ṣubú kò mọ ohun tí ó rà.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà gba oṣù méjì. Bàbá fi condensateur tuntun sí i, tí volt tí wọ́n lè gbà ga ju ti àtijọ́ lọ. Ó pààrọ̀ gbogbo transistor ńlá ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú irú kan náà, nítorí pé àwọn tí ń fa ẹrù pọ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára tí ó dọ́gba. Ó fọ òróró gbígbẹ abẹ́ wọn, ó fi tuntun sí i kí ooru lè ráyè lọ sára irin. Kò fi fáìlì họ àwọn awẹ́ funfun kékeré tí ó wà lábẹ́ wọn; ó ní nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan, oxyde de béryllium ni wọ́n fi ṣe irú awẹ́ bẹ́ẹ̀, eruku rẹ̀ sì jẹ́ májèlé fún ẹ̀dọ̀fóró. Ó dá relais padà sípò. Ó fi wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó fi rọ́bà sí ihò rẹ̀, ó de ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ ara irin pẹ̀lú bóòtù.

Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ tàn án, kò tàn án tààrà. Gílóòbù àtijọ́ watt 100 ni ó so sáàárín ọ̀nà iná. Bí ohun kan bá ṣì burú nínú ampli, gílóòbù yóò mọ́lẹ̀ gidigidi, iná yóò sì parí sórí rẹ̀ dípò kí ó ba iṣẹ́ oṣù méjì jẹ́. Gílóòbù tàn díẹ̀, ó rọlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó tún ìṣàn iná àwọn transistor ṣe nígbà tí wọn kò tíì ṣiṣẹ́, ó sì dúró tì í fún wákàtí kan gbáko, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin, ó ń fetí sí ooru.

Ohun kan kù. A kọ ọ́ sẹ́yìn ampli náà pé volt 120 ni, hertz 60. Iná tiwa jẹ́ volt 220, hertz 50. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé transfo gbọ́dọ̀ wà láàárín. Díẹ̀ ló mọ̀ pé transfo kò lè yí 50 padà di 60. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 60 máa ń gbóná sí i lórí 50. Nítorí náà, transfo tí ń fúnni ní volt 100 sí 110 ni bàbá yàn, kì í ṣe 120, kí irin inú ampli má baà kún ju bó ti yẹ lọ. A pàdánù agbára díẹ̀. Kò sí ẹni tí etí rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Báwo wá ni ohùn rẹ̀ ṣe rí? Mo gbọ́ ọ ní ìsọ̀ bàbá, pẹ̀lú àwo gángan kan. Ìkùn ti lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́: láàárín ìlù kan àti èkejì, àlàfo wà, àlàfo náà sì ṣófo. Ohùn ìsàlẹ̀ dúró sí ààyè rẹ̀ láìwọ́ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń wá «gbígbóná» lè sọ pé ohùn náà ti tutù. Èmi sọ pé ó ti mọ́.

Mo rántí àwo Otodi, èyí tí Peter Solo àti ẹgbẹ́ Vaudou Game gbé jáde ní 2018. Ní Lomé ni wọ́n ti ká a, ní stúdíò OTODI tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ìtàn àwọn ẹ̀rọ yẹn gba ẹnu àwọn ènìyàn kan bí ẹni pé ọjọ́ orí wọn ló kọrin. Ẹ tún un gbọ́. Ohun tí ó mú un dára ni pé gìtá, fèrè àti ìlù mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dákẹ́ fún ara wọn, àti pé ẹ̀rọ tí ó ká wọn sílẹ̀ ṣì lè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Ogbó kì í dá ohùn rere sílẹ̀, ìtọ́jú ni. Ẹ̀rọ ọdún 1970 tí a kò tọ́jú kì í ṣe ìṣẹ̀ṣe. Àjókù irin ni.

Àwọn kan yóò béèrè pé: kí ló dé tí a kò fi ra ampli tuntun? Ìbéèrè tó yẹ ni. Ampli ìsinsìnyí fúyẹ́, kì í gbóná púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ààbò tí ń pa wọ́n fúnra wọn nígbà tí nǹkan bá yí. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní atúnrédíòṣe tí ó mọ iṣẹ́ nítòsí, tuntun ni kí ó rà, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn nípa ohùn àtijọ́ tàn án. Ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ fi ju tuntun lọ kò ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kò kéré: ó ṣeé ṣí, ó ṣeé kà, ó ṣeé tún ṣe. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni ojú lè rí. Ọ̀pọ̀ tuntun, bí ó bá kú, ó kú nìyẹn. A óò jù ú sí ààtàn. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ nípa iná mànàmáná lórí pátákó nìkan, ampli àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ jẹ́ ìwé tí ó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ọ̀gá ni kí wọ́n ti kà á. Igi gáńgánrán má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ọdún tí ó kọjá, kí ọdún iṣu tó dé, a ṣe ohun tí a kò ṣe rí. A ri irin gígùn mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn pápá, a so ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ ọn, a sì fi disjoncteur différentiel 30 milliampères síwájú gbogbo ẹ̀rọ: bí iná tí ó tó ìwọ̀n yẹn bá ṣìnà, yóò gé e kí ènìyàn tó lè ṣẹ́jú. A gbé ampli kúrò nílẹ̀, a fi àyè sílẹ̀ yí i ká fún afẹ́fẹ́. A ka àwọn baffle: mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohm 8, bí a bá so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohm 2 ni ampli yóò rí, ẹrù tí ó lè pa á, nítorí náà méjì péré ni a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa fọwọ́ kan bọ́tìnì, a sì kọ́ ọ ní òfin bàbá: ampli ní ń kẹ́yìn títàn, òun ní ń ṣíwájú pípa. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 2022 pé kí ohùn ní ibi ìgbafẹ́ má kọjá decibel 100 bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. A fi àmì sí ara bọ́tìnì níbi tí a rò pé ó ti tó, a sì ní kí ó má kọjá ibẹ̀. A gbé àwọn baffle jìnnà sí àwọn onílù, nítorí pé àwọn tí ń jó Tchébé lórí igi gíga, etí ni wọ́n fi ń wá ibi tí ẹsẹ̀ wọn yóò bọ́ sí. Bí ampli bá bo ìlù mọ́ wọn létí, àwọn náà wà nínú ewu.

Lẹ́yìn náà, mo lọ sílé ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé wáyà tí ó bó fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, «Mo ti sọ fún yín.» Wọ́n gbà láti wá, ṣùgbọ́n wọn kò gbà láti di míkírò mú. A gbé e sórí ọ̀pá, a fi í sílẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan sí wọn. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n kọ. Ohùn wọn dé ẹ̀yìn pápá láìkùn, láìya, ohùn òkè lókè, ti ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi sì ń gba ègbè tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mélòó ni orin tí wọn kò kọ? N kò lè sọ. Ọdún kan gbáko ni àìbìkítà wa gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, a óò tún jíròrò lórí owó sono. Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí a fi baffle méjì kún èyí tí a ní. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a kọ́kọ́ ra irin ilẹ̀ kejì àti disjoncteur fún gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń lo míkírò lójoojúmọ́. Kò ní ohùn, kò sì sí ẹni tí yóò yìn ín. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo ohùn yòókù dúró lé.